Ẹnu ìyá onítòmátì ni ọnà èdè wà

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Tíṣà Yorùbá ni mí, ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Àkúrẹ́ níbí, ìwé ìròyìn yín kì í sì í wọ́n nílé wa torí ọkọ mi kì í fi í ṣeré rárá, òun ló máa ń kọ́kọ́ kà á tán kó tó sún un sí mi. Lẹ́tà yìí ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, ojú ewé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá jẹ́ kí n mú bírò.

Ẹ to ọnà èdè 12 síbẹ̀, ìyẹn oríṣiríṣi ọgbọ́n tí a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àwítúnwí, àsọrégèé, ẹ̀dà ọ̀rọ̀, ìfọ̀rọ̀dárà, ìbéèrè pèsìjẹ, àdàpè àtàwọn tó kù, ẹ kọ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan, ẹ fi àpẹẹrẹ kan gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, mi ò sì wá bá yín jà. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn, èmi náà dà á kọ láti ara bọ́ọ̀dù nígbà tí mo wà ní SS2, àpẹẹrẹ ibẹ̀ náà nìyẹn, "ó ga bí ọ̀pẹ", "kìnnìún ni Adé", àwọn tó kọ́ mi náà dà á kọ lọ́dọ̀ àwọn tó kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e fún ara wa bí aṣọ bósíkọ̀rọ̀ tẹ́nì kankan ò bèèrè bóyá ó bá òun mu. Àwọn ọmọ wa mọ orúkọ ọnà èdè, wọ́n lè kà á fún yín lórí ìka láìṣì, ẹ wá ní kí wọ́n lo ẹyọ kan báyìí, ẹnu á di.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan fún yín. SS1 ló wà, ìyá ẹ̀ ń ta tòmátì, ata rodo àti tàtàṣé l'Ọ́jà Ọba, ọmọ náà máa ń tẹ̀ lé e lọ ní gbogbo Sátidé àti nígbà hólídè. Mo ní kí wọ́n kọ àròkọ alápèjúwe lórí ọjà tí wọ́n mọ̀ dáadáa. Tiẹ̀ mọ́ tónítóní, àmì ohùn wà lórí ẹ̀, mò ń kà á inú mi ń dùn títí mo fi dé ìpínrọ̀ kejì. Ó ní ọjà náà kún bí òkun. Ó ní àwọn òǹtajà ń ṣiṣẹ́ bí oyin. Ó ní ìrẹsì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ funfun bí òjò dídì. Mo pè é, mo ní ṣó o ti rí òkun rí, ó ní rárá mà. Oyin ńkọ́, ṣó o ti jókòó wo oyin níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ rí? Ó ń wò mí. Òjò dídì ńkọ́? Ó ní nínú fíìmù ni.

Òkun wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí o, lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ lọ́hùn-ún. Tó bá jẹ́ ọmọ Ayétòrò ló kọ ọ́ pé ọjà kún bí òkun, mi ò ní fi bírò pupa kàn án, torí ọmọ Ayétòrò mọ ohun tó ń sọ. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò nígbà kan, òkun ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Bí ọmọ yẹn bá ní nǹkan kún bí òkun, ẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, ẹni tó ń kà á á mọ̀ ọ́n lára. Gbólóhùn kan náà lẹ́nu ọmọ Àkúrẹ́ tí kò rí òkun rí, kò ju ọ̀rọ̀ tó há sórí lọ.

Òjò dídì yẹn náà, mo mọ ibi tó ti wá, àtinú Bíbélì ni, ìwé wòlíì Aísáyà orí kìíní ẹsẹ 18. Ibi tí wòlíì yẹn gbé, òjò dídì máa ń bọ́ sórí òkè níbẹ̀, àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ bó ṣe rí. Àmọ́ ẹ wá wo ohun tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ṣe nínú ẹsẹ kan náà yẹn, àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣáájú wọn. Funfun, wọ́n fi òjò dídì sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tó wá kan pupa, wọ́n ní pọ́n bí àlàárì. Àlàárì o! Aṣọ òkè tí wọ́n ń kà pọ̀ mọ́ sányán àti ẹtù, tí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù nígbà náà ti rí lára bàbá ẹ̀ tàbí lára ọlọ́jọ́ ìbí níbi àríyá. Kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ àlàárì fún un, pupa yẹn ti wà lójú ẹ̀ kí pásítọ̀ tó dákẹ́. Ìgbàkigbà tí mo bá dé ẹsẹ yẹn ni mo máa ń dúró, torí àfiwé àlejò àti àfiwé ọmọ onílé ló jókòó pọ̀ síbẹ̀, ẹ ò sì ní wá ẹni tó máa sọ fún yín èwo ló wọni lára nínú méjèèjì. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, funfun bí lékeléke, funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, kí ló ṣe wọ́n tá a fi ń lọ sórí òkè onílẹ̀ onílẹ̀?

Mo wá bi ọmọ náà pé kí ni ìyá ẹ máa ń sọ bí kọ́sítọ́mà bá ń tẹ tòmátì ní ìtẹkútẹ. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni wọ́n, ẹ rọra fọwọ́ kàn wọ́n." Mo ní tí wọ́n bá ní owó ẹ̀ ti pọ̀ jù ńkọ́? Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé oko bàbá mi ni mo ti já a wá ni?" Ó ní nígbà tí tòmátì wọ́n gógó yẹn, tó jẹ́ pé àwọn tó ń ra apẹ̀rẹ̀ ti ń ra abọ́, ojoojúmọ́ ni ìyá òun ń sọ fáwọn oníbàárà pé, "Ẹ má bínú, tòmátì ti joyè, kì í dá mẹ̀kúnnù lóhùn mọ́."

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ bá mi kà á. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ rèé, tó sọ tòmátì di ìyàwó, ìbéèrè pèsìjẹ rèé, tí kò retí ìdáhùn, ìfohunpènìyàn rèé, tó jẹ́ kí tòmátì joyè bí èèyàn, kí wọ́n tó fi ọ̀rá dì í fún oníbàárà. Obìnrin yẹn ò kàwé kọjá pírámárì, kò sẹ́ni tó dárúkọ ìfohunpènìyàn sí i létí rí. Ọmọ ẹ̀ jókòó tì í láti kékeré, ó ń gbọ́ ọ, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí i, ó wá dé kíláàsì mi, ó gbé gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn bí ẹni bọ́ bàtà, ó wọlé wá lọ yá oyin àti òjò dídì lò. Ta ló sọ fún un pé ti ìyá ẹ̀ kì í ṣe ọnà èdè? Àwa ni. Èmi náà wà níbẹ̀, ọdún mélòó ni mo fi ń kọ "ó dára" sí ẹ̀gbẹ́ "funfun bí òjò dídì".

Mo ní kó lọ tún un kọ, kó má fi nǹkan kan wé nǹkan kan tí ojú ẹ̀, etí ẹ̀ tàbí imú ẹ̀ ò bá pàdé rí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó gbé e wá. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: "Kí n tó rí ọjà, òórùn iru ti kí mi káàárọ̀." Ó lọ síwájú, ó ní, "Ìyá mi ń ka owó bí ẹni ń já ewé ewúro, ojú ẹ̀ ò sí níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró." Mo ka èyí sókè fún kíláàsì, gbogbo wọn dákẹ́ wẹ́lo. Ẹ mọ̀ bí kíláàsì ọmọ 50 ṣe máa ń rí, wọn kì í dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ nàwọ́, ó ní bàbá òun tó ń rọ́ irin máa ń sọ fún irin pé kó má ṣe agídí. Òmíràn ní ìyá àgbà òun máa ń pe ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ní ayálégbé tí kì í sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ títí aago fi lù, a ò sì dé ibi tí mo fẹ́ kọ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀kan wà tẹ́ ẹ fò nínú 12 yẹn, òun ló dùn mí jù, torí mi ò rò pé ibòmíì wà tí èdè wa ti lówó lọ́wọ́ tó ibẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìró wọn gan-an ni àwòrán. Ẹ sọ róbótó, kẹ́ ẹ tún wá sọ ròbòtò. Lẹ́tà kan náà ni. Ẹ gbé ohùn sókè, nǹkan kékeré tó ṣù pọ̀ lẹ rí, ojú ọmọ ọwọ́. Ẹ gbé e wálẹ̀, nǹkan ńlá lẹ rí, òkèlè iyán nínú abọ́ àgbàlagbà ní ìlú Oǹdó. Ohùn nìkan ló sọ̀ kalẹ̀, nǹkan sì tóbi. Mi ò mọ nǹkan míì tẹ́ ẹ máa pè ní ọnà tó bá jẹ́ pé èyí kì í ṣe ọnà.

Àwọn ọmọ wa wá ti fi "gan-an" pa gbogbo ẹ̀. Ó dúdú gan-an, ó pupa gan-an, ó ga gan-an, ó gbóná gan-an. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rẹ́ tó ń bá a rìn, tí kì í bá ẹlòmíì rìn. Pupa ló ni fòò, funfun ló ni báláú, gíga ló ni fíofío, gbígbóná ló ni janjan, títutù ló ni nini, líle ló ni koko, nǹkan kún bámúbámú, ara mọ́ tónítóní, ẹ ò lè gbé nini fún ohun tó gbóná kẹ́ ẹ ní ẹ ti sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn ní kíláàsì pé kí wọ́n di ojú kí wọ́n gbọ́ òjò Àkúrẹ́ lórí páànù, bó ṣe máa ń kọ́kọ́ kán tó, tó, tó, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ wààrà wààrà tí a ò ní gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ mọ́, kí wọ́n wá kọ ohun tí etí wọn gbọ́. Ìgbà tí mo ṣe èyí, ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé òjò wọ́ bẹ̀ǹbẹ́ gba orí ilé wa kọjá. Mi ò kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ o, etí ẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ìró yìí náà ló wà nídìí ìfọ̀rọ̀dárà, ẹ̀yin ẹ sì kọ "kí a máa fi ọ̀rọ̀ ṣeré" ní ìtumọ̀ ẹ̀. Kì í ṣe eré nìkan. Ẹ lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, kẹ́ ẹ wo ẹnu àgbà tó ń wúre. Ó mú obì, ó ní obì rèé, kó bi ikú, kó bi àrùn sẹ́yìn fún wa. Ó mú orógbó, ó ní orógbó rèé, ọmọ yìí á gbó, á tọ́, á gbó bí ògbólógbòó. Kí ló so obì pọ̀ mọ́ bíbì sẹ́yìn, kí ló so orógbó pọ̀ mọ́ gbígbó? Orúkọ wọn náà ni. Àgbà yẹn tẹ́tí sí orúkọ nǹkan títí ó fi gbọ́ iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀, ó wá rán an níṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì tọ́ka ẹ̀ sí i ò tún ní bi yín pé kí ni ìfọ̀rọ̀dárà mọ́ láyé.

Ìdí ẹ̀ nìyí tí àmì ohùn fi ń dùn mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Àbúrò mi obìnrin tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi lórí Wọsáàpù lóru ọjọ́ kan, "Oko mi ti daku lona." Mo fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi já, mo ń wá nọ́ńbà ọkọ ẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọkọ̀ ẹ̀ ló ń wí, mọ́tò ẹ̀ ló kú sójú ọ̀nà Ìjọ̀kà. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ má tíì kan oko tí a ń dá, tẹ́ ẹ bá yọ àmì kúrò lórí wọn, ìyàtọ̀ lọ, tí ìyàtọ̀ bá lọ, ibi tí ìfọ̀rọ̀dárà máa dúró sí ti lọ nìyẹn. Láti 1859 tí Iwe Irohin àwọn ará Ẹ̀gbá ti jáde ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fi èdè wa tẹ ìròyìn, èwo ni ká máa wá tẹ àkọlé gàdàgbà lónìí láìsí àmì kankan lórí ẹ̀? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ kí ọmọ kọ́ ìfọ̀rọ̀dárà nínú ìwé yín.

Àdàpè ńkọ́, ẹ ní "kí a fi ọ̀rọ̀ rírọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ líle". Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọba bá ti lọ, a ò ní sọ pé ó kú, a máa ní ọba wàjà, gbogbo ìlú á gbọ́ ọ, wọn á mọ̀ bí wọ́n ṣe máa rìn àti bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ejò lóru, okùn la máa ń pè é. Àrùn tó ń pa èèyàn lọ bẹẹrẹ nígbà kan, tó ń sọ ojú di ihò ihò, àwọn àgbà ò jẹ́ pe orúkọ ẹ̀ gan-an, ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pè é, Olóde ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un kó lè máa bá tiẹ̀ lọ. Oṣù karùn-ún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kò sí i mọ́ láyé, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ àjẹsára lé e lọ. Ìyá ọkọ mi tó ti lé ní 80 ọdún, tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀ níwájú wọn títí dòní, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dákẹ́. Àrùn ti lọ láti ìgbà yẹn, àdàpè ẹ̀ ò lọ. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe kí ọ̀rọ̀ kàn rọ̀ lásán ni wọ́n ṣe ń lò ó, wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ lè pe nǹkan wá.

Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹ̀sùn kékeré kan sí yín. Ẹni tó jí ewúrẹ́, olè lẹ̀ ń pè é, ẹ tún ń fi fọ́tò ẹ̀ síwájú ìwé. Ẹni tó kó owó tó yẹ kí wọ́n fi tún ilé ìwòsàn ṣe, ẹ ní ó "ṣe owó náà báṣubàṣu". Àdàpè nìyẹn náà o. Àwọn àgbà fi àdàpè bo ojú òkú, wọ́n fi tu ìbànújẹ́ lára ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, wọn ò fi í bo olè. Tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, mo máa ń gbé gbólóhùn méjèèjì yìí síwájú wọn nínú ìwé ìròyìn, mo ní kí wọ́n sọ ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń dáàbò bò. Wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n kíá.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ òwe. Gbogbo àròkọ tí mo ń màákì ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Òwe gidi ni, mi ò bá a jà. Àmọ́ mo bi wọ́n pé ta ló ti gun ẹṣin rí nínú yín, kò sí. Ta ni bàbá ẹ̀ tàbí bàbá bàbá ẹ̀ gùn ún? Kò sí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ẹṣin ti rọ́wọ́ mú, lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, tiwa níbí igbó ni, eṣinṣin kan sì wà nínú igbó kìjikìji tó ń gbé àrùn tó ń pa ẹṣin, ọ̀kan pàtàkì nìyẹn nínú ohun tí kò jẹ́ kí àwọn ológun Ọ̀yọ́ tó ń jagun lórí ẹṣin lè ráyè bẹ́ẹ̀ nínú igbó. Ẹni tó pa òwe yẹn mọ̀ pé ẹṣin ló yá jù láti fi wá nǹkan tó sọnù, torí ojú ẹ̀ rí i. Àwa gbà á, a ti sọ ọ́ di tiwa, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n kí ni ojú tiwa rí?

Bàbá tó bí ọkọ mi, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n nígbà ayé wọn, lọ́nà Ìdànrè. Bí wọ́n bá rí ẹni tí ẹnu ẹ̀ dùn tí wọn ò fọkàn tán, wọ́n á kàn ní, "Kòkó tí ò gbẹ dénú nìyẹn." Mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ kan ni mo bá wọn jókòó níbi tí wọ́n ti ń ta kòkó, ẹni tó ń rà á ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú hóró bíi mélòó kan jáde, ó yọ ọ̀bẹ, ó ń là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Hóró kan ń dán lẹ́yìn, pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ ò lè rí àbùkù lára ẹ̀. Ó là á, inú ẹ̀ ti hu funfun. Wọn ò sá a dáadáa kí wọ́n tó dì í sápò. Bàbá wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gbé orí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ dídùn, hóró kòkó yẹn ni mò ń rí. Kòkó ò tíì pé 200 ọdún nílẹ̀ wa, kò sí nínú òwe àwọn baba ńlá, bàbá yẹn fi ojú ara wọn wò ó, wọ́n sì fi sọ̀rọ̀. D. O. Fágúnwà tí gbogbo wa fi ń yangàn, ọmọ Òkè-Igbó ni, ìpínlẹ̀ wa níbí náà ni, igbó tó yí i ká ló tẹjú mọ́ kí ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1938. Kò lọ yá òkè olójò dídì.

Àwọn oníròyìn yín náà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Gbogbo afurasí tí ọlọ́pàá bá ti mú, ọwọ́ pálábá ẹ̀ ló máa ń ségi. Ibikíbi táwọn èèyàn bá ti sá, ọ̀rọ̀ ti di bó ò lọ o yà fún mi. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ èyí, ó rí i o, ó rí ọ̀nà tóóró, ó rí èrò tó ń ti ara wọn, ó gbọ́ ohun tí ẹni ẹ̀yìn ń sọ fún ẹni iwájú, ó gbé ohùn yẹn bó ṣe wà, ó fi ṣe orúkọ fún rúkèrúdò. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ní báyìí, ojú wa máa ń fò ó lọ ni, a ò rí èrò kankan níbẹ̀ mọ́. Kí oníròyìn yín sọ ohun tó rí fún wa, bàtà tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, abọ́ ẹ̀wà tó dà nù, ìyẹn á ṣe é. Ti "ní òpin ọjọ́" tí wọ́n ń kọ báyìí ló wá burú jù, mo ka ìròyìn kan tó ní ní òpin ọjọ́ ilé ìgbìmọ̀ máa fọwọ́ sí àbá náà, mo rò pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni, àṣé nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín ni wọ́n ń wí. Gẹ̀ẹ́sì ló wọ agbádá yẹn o.

Mo mọ̀ pé WAEC àti NECO á bi àwọn ọmọ ní orúkọ ọnà èdè, mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, èmi ni mò ń múra ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn lọ́dọọdún, nítorí náà mi ò ní kẹ́ ẹ yọ orúkọ kúrò. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ dín ìlà ìtumọ̀ kù, kẹ́ ẹ fi ààyè sílẹ̀ lójú ewé yẹn fún ohun tí àwọn ọmọ gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn, lẹ́nu mẹkáníìkì, lẹ́nu ọlọ́kadà, lẹ́nu ìyá àgbà tó ń da iṣu sí omi. Kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu, kódà tó bá jẹ́ èdè Àkúrẹ́ tàbí èdè Oǹdó ni, tí ilé bá jẹ́ ulé lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ulé. Kẹ́ ẹ wá kọ orúkọ ọnà èdè ibẹ̀ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ọmọ tó bá rí ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tí orúkọ "àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́" wà lábẹ́ ẹ̀ ò ní gbàgbé ẹ̀ nínú ẹ́sáàmù, mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹ máa ṣe é, mo ti ní tó 30 nílẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo máa tẹ̀ wọ́n pẹ̀lú àmì ohùn kó má di wàhálà fún yín. Àròkọ ọmọ onítòmátì yẹn wà nínú lẹ́tà yìí, mo gbàyè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ kí n tó fi í sí i, wọ́n ní kí n bá àwọn kí yín. Ọmọ náà ní ẹ lè gé e kúrú tí ààyè ò bá gbà á, àmọ́ òun bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ má yọ ibi tí iru ti kí òun káàárọ̀.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà Yorùbá kan,
Àkúrẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó.